Ẹṣin Iwájú ni Tẹ̀yìn Ń Wò Sáré: Ìtàn Ẹṣin Darandaran Amẹ́ríkà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tó ń sin ẹṣin fún ìdíje ti fi òwe yìí ṣe iṣẹ́ òòjọ́, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ ọ rí. Bí akọ ẹṣin kan bá ti gba ipò kìíní, gbogbo ẹni tó ní abo ẹṣin ni yóò máa wá ọ̀nà tí tirẹ̀ yóò fi bímọ fún un. Ọmọ a jọ bàbá, ọmọ-ọmọ a tún jọ bàbá ńlá, títí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹṣin yóò fi máa tọ́ka sí akọ kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí orísun wọn. Báyìí ni ohun tó dára ṣe ń tàn kálẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni ohun tó burú ń gbà.

Ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Quarter Horse ni ọ̀rọ̀ kàn. Orúkọ rẹ̀ kò ṣòro láti túmọ̀: ìdá mẹ́rin máìlì kan, nǹkan bí mítà 400, ni ó wà fún. Bí ọ̀nà eré ẹṣin ṣe máa ń gùn tó nìyẹn láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀dó sí Virginia ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Igbó kìjikìji ló yí wọn ká. Ilẹ̀ tí wọ́n bá sì ti ṣán, tábà ni wọ́n ń gbìn sí i, kò sí ẹni tó máa fi oko tábà ṣe pápá eré. Nítorí náà, títì abúlé ni wọ́n ń lò, tàbí kí wọ́n la ọ̀nà tóóró méjì sínú igbó kí ẹṣin méjì lè sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Eré náà kì í pẹ́ rárá. Ẹni tó bá yíjú sẹ́yìn láti kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè má rí i. Ẹṣin tó máa borí níbẹ̀ kò nílò ìfaradà ọ̀nà jíjìn. Ohun tó nílò ni itan tó ki, àyà tó fẹ̀, àti agbára láti kúrò lójú kan bí ọfà tó kúrò lára ọrun.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú àwùjọ tí eré yìí ti bẹ̀rẹ̀, kí ó wo ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní York County ní Virginia ní ọdún 1674. Aránṣọ kan tó ń jẹ́ James Bullock fi abo ẹṣin rẹ̀ díje pẹ̀lú ẹṣin Mathew Slader. Ìwọ̀n pọ́n-ùn 2,000 tábà ni wọ́n fi ta tẹ́tẹ́, nítorí tábà ni owó wọn nígbà náà. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé Bullock: pọ́n-ùn 100 tábà. Kì í ṣe pé ó jalè, kì í sì í ṣe pé ó rẹ́ni jẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé aránṣọ ni, eré ẹṣin sì jẹ́ eré tí òfin gbà fún àwọn ọlọ́lá nìkan. Ní ti Slader, ilé ẹjọ́ rí i pé ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé òun yóò mú ẹṣin òun yà kúrò lọ́nà kí ti Bullock lè borí. Wọ́n ní kí wọ́n kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ àbà fún wákàtí kan. Àwọn adájọ́ ṣe bí ẹni tó ṣe ìdájọ́ òdodo, àmọ́ ohun tí ìwé ẹjọ́ náà fi pamọ́ fún ìran ẹ̀yìn ni pé abo ẹṣin aránṣọ kò yàtọ̀ sí ti ọlọ́lá bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àwọn kan tún wà nídìí eré yìí tí orúkọ wọn kì í sábà wọ ìwé. Ní Virginia àti ní Carolina, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń bọ́ ẹṣin, àwọn ló ń tọ́ ọ, àwọn náà ló sì ń gùn ún lọ́jọ́ eré. Owó tí ẹṣin bá jẹ, àpò olówó wọn ló ń lọ. Ọ̀kan nínú wọn tí ìtàn kò gbàgbé ni Austin Curtis, ẹrú Willie Jones, ọlọ́rọ̀ àti olóṣèlú kan ní Halifax, North Carolina. Curtis gun ẹṣin, ó tọ́ ẹṣin, ó sì mọ ẹṣin wò débi pé ojú rẹ̀ ni olówó rẹ̀ fi ń rà á. Nígbà ogun òmìnira Amẹ́ríkà, ó dáàbò bo ẹṣin Jones kí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì má ba à tẹ̀ wọ́n. Ní ọdún 1791, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà fún un ní òmìnira, lẹ́yìn tí Jones fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un. Òmìnira ènìyàn kan nìyẹn. Àwọn yòókù tí wọ́n jọ ń fọ ilé ẹṣin kò rí irú rẹ̀ gbà.

Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni akọ ẹṣin kan tó ń jẹ́ Janus dé Virginia láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ-ọmọ Godolphin Arabian ni, ọ̀kan nínú àwọn akọ ẹṣin mẹ́ta tí gbogbo ẹṣin eré ìje Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ̀ wá. Janus fúnra rẹ̀ ti sáré ọ̀nà jíjìn nílùú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó bí fún àwọn abo ẹṣin Virginia yára lórí ọ̀nà kúkúrú lọ́nà àrà. Nínú àwọn abo wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ẹṣin Sípéènì tó ti ọwọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ bíi Chickasaw wọ agbègbè náà. Nígbà tí ilẹ̀ ìlà-oòrùn là, tí àwọn ọlọ́rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ pápá eré gígùn, oge eré yí padà. Ẹṣin eré kúkúrú di ohun àná níbẹ̀. Àwọn tálákà àti àwọn tó ń wá ilẹ̀ tuntun ló kó o lọ sí ìwọ̀-oòrùn, bí ẹni kó agbada àti ọkọ́, nítorí ẹṣin kan náà lè fa ohun èlò oko lọ́jọ́ Ajé, kí ó gbé bàbá lọ sí ọjà, kí ó sì jẹ owó tẹ́tẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Steel Dust, tí wọ́n bí ní Kentucky ní ọdún 1843 tí ó sì dé Texas ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn darandaran fi ń pe gbogbo ẹṣin irú rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní Texas, ẹṣin àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ẹṣin mìíràn tó ti ṣáájú rẹ̀ dé. Hernán Cortés kó ẹṣin 16 gúnlẹ̀ sí Mẹ́síkò ní ọdún 1519. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, ẹṣin ti kún pápá àríwá, àwọn darandaran Mẹ́síkò sì ti ní ìmọ̀ tó jinlẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ. Àwọn ni wọ́n kọ́ àwọn òyìnbó ní iṣẹ́ náà. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu: okùn tí darandaran Amẹ́ríkà ń jù mọ́ màlúù lọ́rùn, ìyẹn "lariat", "la reata" ti èdè Sípéènì ni, ìjánu tí kò ní irin lẹ́nu, tí wọ́n ń pè ní "hackamore", "jáquima" ni. Ẹni tó bá yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ti yá iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní ọdún 1865, màlúù pọ̀ lọ súà ní Texas, àwọn ìlú ńlá ìlà-oòrùn sì ń wá ẹran. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da màlúù láti Texas lọ sí ibi tí rélùwéè dé ní Kansas. Àwọn òpìtàn kan ṣírò pé bí darandaran bá jẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọ̀pọ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni. Bose Ikard, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Mississippi, ni Charles Goodnight fọkàn tán jù nínú àwọn tó ń bá a da màlúù, òun ló sì ń gbé owó rẹ̀ pamọ́ lójú ọ̀nà. Bill Pickett, tí wọ́n bí ní Texas ní ọdún 1870, ló dá eré kí ènìyàn fò láti orí ẹṣin mú akọ màlúù níwo kalẹ̀. Ẹṣin rẹ̀ Spradley ló ń gbé e súnmọ́ màlúù náà. Ẹṣin ló sì pa á: ẹṣin kan ta á nípàá lórí ní ọdún 1932. Sinimá òyìnbó kò fi àwọn wọ̀nyí hàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó fi jẹ́ pé àwòrán darandaran tó wà lọ́kàn aráyé jẹ́ ti òyìnbó pọ́ńbélé.

Nídìí iṣẹ́ dída màlúù yìí ni ìwà tó sọ ẹṣin Quarter Horse di ohun ìdíje ti wá. Kò sí ọgbà nígbà náà. Màlúù olówó mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè jọ máa jẹko pọ̀, àfi kí ẹnì kan wọ àárín agbo lọ mú ti ọ̀gá rẹ̀ jáde. Màlúù a sì máa kọ̀. Ó fẹ́ padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, bó bá lọ sọ́tùn-ún, ẹṣin gbọ́dọ̀ ti wà lọ́tùn-ún, bó bá yí sósì, kí ẹṣin ti débẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá ń dúró kí òun fa ìjánu kí ẹṣin tó yí, màlúù ti sá lọ. Nítorí náà, àwọn darandaran ń wá ẹṣin tó lè ka ìwà màlúù fúnra rẹ̀, tó ń wo ejìká àti ojú rẹ̀ bí ológbò ṣe ń wo eku. Ìmọ̀ yìí wà lára àwọn ẹṣin kan láti inú ìyá wọn. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò ní kọ́ ọ bó ti wù kí wọ́n lù wọ́n tó.

Ní ọdún 1898, ní ìlú Haskell ní Texas, wọ́n sọ iṣẹ́ yìí di ìdíje tí ènìyàn san owó fún láti wò. Sam Graves ló gbégbá orókè, lórí ẹṣin àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Hub. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà ní Hub ti lé ní ogún ọdún, ó sì ti fẹ̀yìn tì, kí Graves tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oúnjẹ dáadáa nítorí ẹ̀bùn náà. Dọ́là 150 ni wọ́n gbà lọ sílé. Owó yẹn kì í ṣe kékeré fún darandaran ìgbà náà.

Fún nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ìran ẹṣin yìí kò ní ìwé kankan. Ẹnu ni wọ́n fi ń ka ìran rẹ̀, ẹnu a sì máa ṣìnà. Peter McCue, akọ ẹṣin tí wọ́n bí ní Illinois ní ọdún 1895, wà nínú ìwé ẹṣin eré ìje gẹ́gẹ́ bí ọmọ Duke of the Highlands, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ sọ pé Dan Tucker, akọ ẹṣin eré kúkúrú, ni bàbá rẹ̀. Òun ni bàbá ńlá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1940, àwọn ọ̀sìn ẹṣin kan pàdé ní Fort Worth, Texas, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ American Quarter Horse Association sílẹ̀. Robert Denhardt, olùkọ́ yunifásítì tó ti ń kọ̀wé nípa ẹṣin náà, wà lára àwọn tó ṣe atọ́nà rẹ̀. Wọ́n fẹ́nu kò pé akọ tó bá borí ní ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn Fort Worth ti ọdún 1941 ni yóò gba nọ́ńbà kìíní nínú ìwé. Wimpy, ẹṣin King Ranch, ló borí.

Ìwé ìran Wimpy yẹ ní wíwò. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Old Sorrel, ìyá rẹ̀ náà jẹ́ ọmọ Old Sorrel. Àwọn ará King Ranch ti ra Old Sorrel, tí wọ́n bí ní ọdún 1915, ní kékeré, wọ́n rí i pé kò sí ẹṣin tó dára tó o fún iṣẹ́ màlúù ní oko wọn, wọ́n sì pinnu láti mú kí gbogbo agbo jọ ọ́. Wọ́n ń fi àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gun àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ìyá wọn yàtọ̀. Láàárín ènìyàn, èèwọ̀ ni. Láàárín ẹran ọ̀sìn, ọ̀nà tó yá jù ni láti dè ìwà mọ́ ẹ̀jẹ̀ kan. Ó so èso rere ní King Ranch, nítorí wọ́n ń fi ẹṣin ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, èyí tí kò bá sì lágbára ni wọ́n ń yọ kúrò. Àṣà náà ni àwọn yòókù kọ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló kọ́ apá tó jẹ́ ti yíyọ kúrò.

Ní ọdún 1946, wọ́n dá ẹgbẹ́ ìdíje yíya màlúù sọ́tọ̀ sílẹ̀ ní Texas. Títí di òní, òfin rẹ̀ rọrùn láti sọ. Ẹlẹ́ṣin ní ìṣẹ́jú méjì àbọ̀. Yóò rọra wọ àárín agbo, yóò ya màlúù kan jáde, lẹ́yìn náà yóò sọ ọwọ́ ìjánu kalẹ̀ sọ́rùn ẹṣin. Láti ìgbà náà lọ, ẹṣin ló ni iṣẹ́. Bí ẹlẹ́ṣin bá fa ìjánu láti tọ́ ọ, wọ́n yọ máàkì. Bí màlúù bá já padà sínú agbo, máàkì márùn-ún lọ. Adájọ́ ń fún wọn ní máàkì láti 60 dé 80. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i máa ń ya ẹnu: ẹṣin ńlá balẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ajá tó ń ṣeré, etí rẹ̀ nà sí màlúù, ẹlẹ́ṣin sì kàn di ìwo gàárì mú kí ó má ba à ṣubú. Ìdíje ìjánu wà pẹ̀lú, èyí tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1966: kò sí màlúù níbẹ̀, ẹṣin ń yí po lójú kan bí òkòtó, ó ń sáré, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yọ̀ gbọ̀rọ̀ kí ó tó dúró.

Akọ ẹṣin tó gbayì jù lágbo màlúù lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni Poco Bueno, tí wọ́n bí ní ọdún 1944. E. Paul Waggoner, ọlọ́rọ̀ onímàlúù ní Vernon, Texas, rà á ní dọ́là 5,700. Wọ́n ní òun ni ẹṣin àkọ́kọ́ nínú ìran rẹ̀ tí wọ́n ṣe ìdójútòfò fún ní dọ́là 100,000. Ọmọbìnrin rẹ̀ Poco Lena, tí wọ́n bí ní ọdún 1949, fẹ́rẹ̀ẹ́ lókìkí jù ú lọ. Ọdún lọ́dún ló ń gba ẹ̀bùn. Ní ọdún 1962, ọkùnrin tó rà á kú nínú ọkọ̀ òfurufú tó já. Kò sí ẹni tó rántí pé ẹṣin wà nínú ọkọ̀ àfàlẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìsí oúnjẹ àti omi kí wọ́n tó rí i. Pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́, kò lè díje mọ́ láéláé.

Ní àkókò yẹn, ìdílé Jensen, ìdílé oníṣègùn kan ní California, ní akọ ẹṣin kan tó ń jẹ́ Doc Bar. Wọ́n bí i láti sáré ni, àmọ́ dọ́là 95 péré ló jẹ ní gbogbo eré tó sá. Ìdíje ẹwà, níbi tí wọ́n kàn ń fi okùn fa ẹṣin wá síwájú adájọ́ láìgùn ún, ló gbà á là. Ìdílé yìí ra Poco Lena tó ti yarọ, wọ́n sì mú un bá Doc Bar. Ọmọ méjì péré ló bí kó tó kú: Doc O'Lena ní ọdún 1967, Dry Doc ní ọdún 1968. Èkíní gba ipò kìíní nínú ìdíje ńlá àwọn ẹṣin ọlọ́dún mẹ́ta ní ọdún 1970, èkejì gbà á ní ọdún 1971. Ẹṣin tí wọ́n sọ pé kò lè sáré àti abo tí wọ́n gbàgbé sínú ọkọ̀, àwọn ni wọ́n di orísun ìran tó jẹ gàba lórí ìdíje yìí títí di òní. Smart Little Lena, ọmọ Doc O'Lena, kéré lára, kò sì wu ojú àwọn ènìyàn kan. Ó gba ìdíje náà ní ọdún 1982, ó sì di bàbá ẹṣin tí iye owó tí wọ́n jẹ kò ṣeé fẹnu sọ tán. Nígbà tó yá, wọ́n tilẹ̀ fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ẹ̀dà márùn-ún rẹ̀. Ẹgbẹ́ Quarter Horse kọ̀ láti kọ irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Àwọn ọ̀sìn kan pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí ẹ̀dà tiwọn. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ará ìlú dá wọn láre ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì yí i padà ní ọdún 2015.

Àmọ́ ohun mìíràn ti ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Àwọn ẹṣin kan a máa dàgbà dáadáa títí wọn yóò fi pé ọdún méjì, ìyẹn ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ dè wọ́n ní gàárì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, awọ ẹ̀yìn wọn a máa bó, ọgbẹ́ a wà lábẹ́ gàárì, kò sì ní jinná. HERDA ni wọ́n ń pe àrùn náà, kò sì ní oògùn. Nígbà tí àwọn oníwàádìí to ìwé ìran àwọn ẹṣin náà, ìlà ìyá àti ìlà bàbá ń pàdé ní ìran Poco Bueno. Ẹṣin tó gba àbùkù yìí láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo kì í ṣàìsàn, ó lè gba gbogbo ẹ̀bùn tó wà nílẹ̀. Smart Little Lena gan-an gbé e. Bí irú ẹṣin méjì bẹ́ẹ̀ bá bímọ, ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin ló lè jìyà rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ AS àti AS tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbọ́ kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Ní ọdún 2007 ni àyẹ̀wò fi ibi tí àbùkù náà wà hàn. Nínú àwọn ẹṣin tó ń díje yíya màlúù, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tó gbé e.

Ti Impressive ló tún yani lẹ́nu jù. Ní ọdún 1969 ni wọ́n bí i, ó sì gba ipò aṣíwájú àgbáyé nínú ìdíje ẹwà ní ọdún 1974. Iṣan rẹ̀ yọ bí ti abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò. Gbogbo ẹni tó rí i ló fẹ́ irú rẹ̀ nílé, owó sì ń wọlé fún ẹni tó ni í. Nígbà tó fi di ìparí ọdún 1980 sí òkè, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀ ẹṣin. Àwọn ẹṣin kan nínú ìran rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójijì. Ara wọn a le, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn a kọ̀, wọn a ṣubú. Àwọn mìíràn kú sójú kan. Bí koríko tí wọ́n jẹ bá ní èròjà potásíọ̀mù púpọ̀, àìsàn náà a gbérí. Ní ọdún 1992, àwọn oníwàádìí rí àbùkù náà nínú iṣan, wọ́n sì rí i pé ìran Impressive nìkan ló ní in. HYPP ni orúkọ rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ti Poco Bueno ní ọ̀nà kan: ẹ̀yà kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ òbí kan ti tó láti fa àìsàn.

Àwọn ọ̀sìn ẹṣin wá bá ara wọn ní orítamẹ́ta. Àyẹ̀wò ti wà. Ẹni tó bá fẹ́ lè mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn fi hàn pé àwọn adájọ́ ìdíje ẹwà máa ń gbé ẹṣin tó ní àbùkù náà sí ipò tó ga ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní in lọ. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò nínú agbo rẹ̀ ń yọ ife-ẹ̀yẹ kúrò nílé. Ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé ẹṣin, kí ẹni tó ń rà mọ ohun tó ń rà. Ó di ọdún 2007, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn àwárí náà, kí wọ́n tó sọ pé ọmọ ẹṣin tó bá gbà á láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá kò ní wọ ìwé mọ́. Èyí tó gbà á láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣì ń wọ̀ ọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pọ̀ láti fi dúró fún ohun tí àyẹ̀wò irun kan lè sọ. Olówó kì í yára rí ìdọ̀tí tó wà nínú omi tó ń tà.

Ariyanjiyan mìíràn wà tí ìwé ìran kò lè yanjú, èyí tó jẹ mọ́ ọjọ́ orí. Ìdíje tó lówó jù ni ti ọlọ́dún mẹ́ta, fún ẹṣin tí kò tíì díje rí. Kí ó tó lè yege níbẹ̀ ní òpin ọdún, wọ́n gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún nígbà tó pé ọdún méjì, nígbà tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì gbó. Àwọn dókítà ẹran kan ń kìlọ̀, àwọn mìíràn ní iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ń mú egungun le. Láàárín àwọn olùtọ́ ẹṣin, Tom Dorrance àti Ray Hunt kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ẹṣin tí wọ́n fi ẹ̀rù tọ́ kò ní ronú fúnra rẹ̀. Buster Welch, tó gba ìdíje ọlọ́dún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ọdún 1962 lórí Money's Glo, tó sì kú ní ọdún 2022, gbajúmọ̀ fún bó ṣe ń jẹ́ kí màlúù fúnra rẹ̀ kọ́ ẹṣin. Irú sùúrù yẹn gba àkókò, àkókò sì ni kàlẹ́ńdà ìdíje kì í fún ni.

Láti ọdún 2015, akọ ẹṣin èyíkéyìí tí wọ́n bá fẹ́ fi bímọ gbọ́dọ̀ ní àbájáde àyẹ̀wò àwọn àrùn ìran lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ní Amarillo. HYPP àti HERDA wà lára wọn. Ìwé náà ń sọ ohun tó wà lára ẹṣin, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti fi ẹṣin tó gbé HERDA bímọ.

Poco Bueno kú ní oṣù Bélú ọdún 1969. Waggoner, tó ti kú ṣáájú rẹ̀, ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé kí wọ́n sin ín ní ìdúró. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ jìn, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀, ní ẹ̀bá ọ̀nà ní ìta Vernon, níbi tí òkúta kan tó rù ní ìwọ̀n ńlá dúró lé e lórí. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń wọ agbo màlúù ní Fort Worth ní gbogbo òpin ọdún.